Bí A Ṣe Lè Mọ Àìsàn Adìẹ Kí Ó Tó Dùbúlẹ̀

Àwọn àgbà ní, "Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀." Ẹyẹ a máa fi àìsàn pamọ́, nítorí èyí tí ó bá ṣe bí aláìlera ni ẹranko apanijẹ kọ́kọ́ ń dojú kọ. Nígbà tí adìẹ bá dùbúlẹ̀, àrùn ti wọ̀ ọ́ lára.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń sin adìẹ, láti Èjìgbò títí dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ẹ máa wò wọ́n dáadáa nígbà tí ẹ bá ṣí àgò ní òwúrọ̀. Èyí tí kò sáré wá sídìí àgbàdo, tí ó wú ìyẹ́, tí apá rẹ̀ wọlẹ̀, tí ó ń tòògbé, ara rẹ̀ kò dá. Bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá di omi aláwọ̀ ewé, tí ó ń ya ẹnu kí ó tó lè mí, tàbí tí ọrùn rẹ̀ lọ́, ẹ fura sí lúkúlúkú, èyí tí a ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ ní agbègbè Ìbàdàn láti 1952.

Àrùn yìí kò ní oògùn. Àjẹsára ni kí a fún wọn kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ ya aláìsàn sọ́tọ̀, ẹ pe dókítà ẹran, ẹ má sì gbé e lọ sí ọjà. Ìwé Òwe 12:10 ka irú ìtọ́jú yìí mọ́ ìwà olódodo. Owó ilé-ìwé ọmọ opó kan sì lè wà nínú àgò tí ó kàn yín.