Títún Sinimá Ṣe: Ẹnu Ta Ni A Ó Ti Gbọ́ Ìtàn Náà?

Ní Midrand, ìlú tí ó wà láàárín Johannesburg àti Pretoria ní Gúúsù Áfíríkà, ọgbà ńlá kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Gallagher. Ibẹ̀ ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin gbogbo Áfíríkà fi ṣe ibùjókòó ní ọdún 2004. Ibẹ̀ náà ni àwọn olólùfẹ́ sinimá péjọ sí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019 fún ayẹyẹ Comic Con Africa, èyí tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe ní Kyalami, ní Midrand kan náà, ní ọdún 2018. Irú ayẹyẹ báyìí ni àwọn ènìyàn ti máa ń wọ ìhámọ́ra àti ìbòjú àwọn akọni inú sinimá, bí ìgbà tí eégún ọdún bá jáde. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwa kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹjọ́ tí wọ́n máa ń bá ara wọn rò kì í ṣe ẹjọ́ ọmọdé.

Ẹjọ́ náà nìyí: kí ló dé tí àwọn aṣesinimá kì í jẹ́ kí ìtàn tí ó ti parí sinmi? Ẹ wo Spider-Man. Láàárín ọdún 2002 sí 2017, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wọ aṣọ rẹ̀, Tobey Maguire, Andrew Garfield àti Tom Holland, tí wọ́n sì ń tún un bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé aráyé kò rí i rí. Òwò ni ó fà á; orúkọ tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ a máa ta tíkẹ́ẹ̀tì kí eré tó jáde. Nítorí náà ni àwọn kan fi ń sọ pé bí eré bá ti di ọbẹ̀ àná tí a bomi là, àwọn a dìde, àwọn a sì jáde nínú òkùnkùn. Àwọn mìíràn ní ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni, pé kí ẹni tí ó ti sanwó jókòó dé òpin.

Ní tiwa, títún ìtàn sọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò gbọ́ àlọ́ Ìjàpá kan náà nígbà mẹ́wàá lábẹ́ òṣùpá? A kò ráhùn. Ṣùgbọ́n bí apàlọ́ bá ṣi orin inú àlọ́ náà dá, àwọn ọmọdé a kọ̀, wọn kì í gbè é, àlọ́ a sì kú sí i lẹ́nu. Ẹ̀tọ́ olùgbọ́ ni láti má ṣe gbè. Ohun tí ó yẹ kí a máa bèèrè ni ẹni tí ń tún ìtàn náà sọ, àti ẹni tí ó ń sọ ọ́ fún.

Jíjáde tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé ni ti Paul Robeson, akọrin àti òṣèré aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1935, ó ṣe Bosambo nínú eré Sanders of the River, tí Zoltan Korda darí. Nàìjíríà lábẹ́ òyìnbó ni eré náà ń sọ, Sanders sì ni ajẹ́lẹ̀ tí ń ṣàkóso ìlú ẹ̀bá odò. Korda ti lọ sí Áfíríkà, ó ti gba ohùn orin àti àwòrán ijó bọ̀, èyí ni ó sì wú Robeson lórí: ó rò pé iyì àwọn baba ńlá òun ni ayé yóò rí. Nígbà tí wọ́n gé eré náà tí wọ́n tò ó tán, oríkì ajẹ́lẹ̀ ni ó dà. Àwọn tí wọ́n kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sọ pé ní alẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi eré náà hàn ní London, ó fi ìbínú dìde, ó sì jáde. Nígbà tí ó yá, ó kọ eré náà sílẹ̀ ní gbangba. Orlando Martins, ọmọ Èkó, wà nínú eré yìí. Jomo Kenyatta, tí ó di olórí ilẹ̀ Kenya lẹ́yìn náà, wà lára èrò inú rẹ̀. Àwa kò bá wọn wí. Wọ́n ní láti jẹun nínú ìlú òtútù.

Ẹ̀yin olùkà wa lè rò pé òmìnira ti gbé Sanders sin. Rárá o. Ní ọdún 1963, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn òmìnira tiwa, wọ́n jí i dìde nínú Death Drums Along the River, Richard Todd sì ni ó ṣe Sanders. Ajẹ́lẹ̀ àná ti di ọ̀gá ọlọ́pàá. Níbo ni wọ́n sì ti lọ ya eré náà? Ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí àwọn ọlọ́pàá ti yìnbọn pa ènìyàn 69 ní Sharpeville ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ọdún 1960. Wọ́n yí ìtàn padà, wọ́n yí oyè padà, ṣùgbọ́n òyìnbó kan náà ni ó ṣì ń bá aláwọ̀ dúdú tún ilé rẹ̀ ṣe.

Ilẹ̀ kan náà ni ó fi ọ̀nà mìíràn hàn wá. Ní ọdún 1986, nígbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣì wà lórí àléfà, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba ibẹ̀ gbé eré Shaka Zulu jáde. Henry Cele ṣe ọba náà débi pé ẹni tí ó bá wò ó kò jẹ́ gbàgbé. Ṣùgbọ́n ojú ta ni wọ́n fi ń wo Shaka? Ojú Fynn ni, òyìnbó oníṣègùn tí ó wá sí ààfin. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọba Zulu ń sọ nínú ilé baba rẹ̀! Ní ọdún 2023, wọ́n tún ìtàn náà gbé dìde ní Shaka iLembe. Àwọn tí wọ́n ṣe é kọ́kọ́ wá ìmọ̀ràn lọ sí ìdílé ọba, èdè Zulu ni wọ́n fi sọ ọ́, ọ̀dọ̀ baba àti ìyá ọmọ náà, Senzangakhona àti Nandi, ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. Òyìnbó oníṣègùn kọ́ ni ó ń júwe ọba fún wa mọ́. Ìtàn àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ń dá orin.

Nílé wa náà, àtúnṣe ti gbòde. Ní ọdún 2019, Ramsey Nouah darí eré tí ó tẹ̀síwájú láti ibi tí Living in Bondage, eré Igbo ti ọdún 1992, ti dúró. Wọ́n tún Glamour Girls ti ọdún 1994 ṣe ní ọdún 2022, ọ̀pọ̀ òǹwòran kò sì fi ojú rere wò ó. Inú yàrá ni àwọn wọ̀nyí ti wò ó, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ìró àga. Bọ́tìnnì lásán ni wọ́n tẹ̀, wọ́n sì ti jáde.

Títí di ìsinsìnyí ni àwọn àgbàlagbà ṣì ń sọ nípa Aiyé, tí Hubert Ògúǹdé gbé kúrò lórí ìtàgé wá sínú sinimá ní nǹkan bí ọdún 1979, tí Ọlá Balógun sì darí. Ògúǹdé ti kú láti ọdún 1990. Bí ọ̀dọ́ kan bá dìde lónìí pé òun fẹ́ tún Aiyé ṣe, kí ó kọ́kọ́ gba Ọ̀sọsà, ìlú Ògúǹdé lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, kọjá, kí ó jókòó ti àwọn tí wọ́n mọ orin inú eré náà, kí ó tó forí lé Èkó lọ wá olówó.