Bí A Ṣe Ń Fọ Eruku Kúrò Lára Mọ́tò Láì Ha Ọ̀dà Rẹ̀

Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ wo àwọn mọ́tò tí ń kó akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Yunifásítì Tai Solarin ní Ìjagun. Dúdú ni o, funfun ni o, eruku ti sọ gbogbo wọn di ọ̀kan náà. Láàárọ̀, awakọ̀ a mú àkísà gbígbẹ, a nu mọ́tò rẹ̀ kíákíá, ó di ẹnu iṣẹ́. Ó rò pé òun ń tọ́jú rẹ̀ ni. Àṣé ó ń ha á ni.

Kí ló wà nínú eruku yìí? Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń gbé e bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, pàápàá láti ibì kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé ní ilẹ̀ Chad. Yanrìn kíkúnná wà nínú rẹ̀, yanrìn sì le ju dígí lọ. Ẹ̀yin káfíńtà mọ pépà oníyanrìn tí ẹ fi ń fá pákó. Ohun tí àkísà náà dà nìyẹn.

Ọ̀dà mọ́tò òde òní, ìpele-ìpele ni. Èyí tó wà lókè, tó ń dán, fẹ́lẹ́ bí ẹyọ irun orí kan. Bí ilà bá kún ojú rẹ̀, dídán ti tán. Bí ilà bá jìn dé irin, omi òjò á wọ ibẹ̀, irin á dógùn-ún. Ẹni tó ti sanwó kíkùn mọ́tò rí mọ̀ pé owó kékeré kọ́.

Nítorí náà, omi ni kí ó kọ́kọ́ kan mọ́tò. Ẹ gbé e sí ibòji, kí ara rẹ̀ tutù. Ẹ da omi púpọ̀ lé e láti òkè wá sísàlẹ̀, kí omi fúnra rẹ̀ gbé yanrìn lọ. Ẹ wá garawa méjì, ọ̀kan fún omi ọṣẹ, èkejì fún omi lásán. Aṣọ rírọ̀ ni kí ẹ lò. Kànìnkànìn tí a fi ń wẹ̀ le jù. Bí ẹ bá ti fọ ibì kan, ẹ ṣan aṣọ nínú omi lásán kí ẹ tó tún tì í bọ ọṣẹ. Aṣọ tó bá já bọ́ sílẹ̀, ẹ má fi kan mọ́tò mọ́ láìfọ̀ ọ́. Táyà ló kẹ́yìn, aṣọ tirẹ̀ ọ̀tọ̀.

Ìgbẹ́ ẹyẹ ńkọ́? Ẹ má fi èékánná họ ọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ó sùn síbẹ̀, nítorí ó ń jẹ ọ̀dà. Ẹ fi aṣọ tútù bò ó títí yóò fi rọ̀, kí ẹ wá rọra ká a kúrò. Bí ọ̀dà dúdú orí títì bá ta sí i, ẹ fi kẹrosíìnì díẹ̀ pa á jẹ́jẹ́, jìnnà sí iná, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ fi táwẹ̀lì mímọ́ nu omi kúrò. Bí oòrùn bá gbẹ ẹ́, àmì funfun ni omi kànga sábà máa ń fi sílẹ̀.