Fítámì inú ọjà wa, àti àwọn olè tó ń jí i

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé yín mú wá lọ́tẹ̀ yìí kò kan owó ìsọ̀ tàbí owó gbígbá ọjà. Ọ̀rọ̀ fítámì ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí ìwé kọjá. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá ti dárúkọ fítámì, ohun tó ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ wa ni ìgò oògùn tó tò sórí pátákó ní ìsọ̀ kẹ́místì, tàbí ọmọkùnrin tó ń pariwo oògùn nínú mọ́tò. Bẹ́ẹ̀, àwa gan-an la ń ta fítámì. Ó wà nínú kẹ́ẹ̀gì elépo, ó wà nínú apẹ̀rẹ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́, ó wà lórí àtẹ ọlọ́sàn-án, ó wà nínú kóńgò ẹlẹ́wà. Àmọ́ ó ní àwọn olè tó ń jí i kó tó dé ikùn ẹni tó ra ọjà. Oòrùn ni ọ̀kan, omi ni èkejì, iná tó pọ̀ jù ni ẹ̀kẹta, kán-ún ni ẹ̀kẹrin.

Fítámì kì í ṣe oúnjẹ tó ń yóni. Iyán, ẹ̀bà àti ìrẹsì ló ń fún wa lágbára láti ru ẹrù. Ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà ló ń mọ ara ọmọ. Fítámì ní tirẹ̀ dà bí iyọ̀ inú ọbẹ̀: díẹ̀ bíńtín ni ara ń fẹ́, ṣùgbọ́n bí díẹ̀ yẹn kò bá sí, ọbẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni ara kò lè ṣe fúnra rẹ̀, àfi ká jẹ ẹ́. Ọdún 1912 ni Casimir Funk, ọmọ ilẹ̀ Póláǹdì, dá orúkọ náà sílẹ̀. Oríṣi 13 ni wọ́n kà títí di òní, wọ́n sì ń fi lẹ́tà pè wọ́n, A, B, C, bí ìgbà tí a wà ní pírámárì kìíní.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ àwọn elépo. Ohun tó mú kí epo pupa pọ́n, irú rẹ̀ náà ló mú káróòtì pọ́n. Bí a bá jẹ ẹ́, ara wa á sọ ọ́ di fítámì A. Ohun tó hù láti ilẹ̀ tó sì ní in tó epo pupa kò pọ̀ rárá láyé yìí. Fítámì A ló ń ṣọ́ ojú, ó ń ṣọ́ awọ ara, ó ń ṣọ́ inú ọ̀nà ọ̀fun àti ìfun, kí àrùn má rí ọ̀nà wọlé.

Ọmọ tí kò bá rí i jẹ, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kò ní í ríran mọ́. Á máa kọ lu àpótí, á máa fọwọ́ tá ògiri. Ìyá rẹ̀ á ní ó ń ṣe wéréwéré, á tún gbá a létí sí i. Lẹ́yìn náà ni ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, tí dídán rẹ̀ á lọ. Bí wọn kò bá tètè tọ́jú rẹ̀, ẹyinjú á di egbò, ó sì lè bẹ́. Ojú tó bá ti bẹ́, kò sí dókítà tó lè dá a padà. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣì jẹ́ àìríran ìrọ̀lẹ́ nìkan, fítámì A á dá a padà kíákíá. Nítorí náà, ẹni tó bá rí irú èyí lára ọmọ, kó gbé e lọ sí ìlé ìlera lọ́jọ́ náà gan-an. Kó má rọ omi ewé sí i lójú, kó má ra oògùn ojú lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri. Èéyi náà máa ń fa fítámì A gbẹ lára ọmọ, ìdí nìyẹn tí ojú fi ń bá àwọn ọmọ kan lọ lẹ́yìn tí èéyi bá ti kúrò.

Kóró kékeré kan wà tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń gé lórí, tí wọ́n á kán omi inú rẹ̀ sẹ́nu ọmọ. Fítámì A náà ni. Láti ìgbà tí ọmọ bá pé oṣù 6 títí tí á fi pé ọdún 5 ló yẹ kó máa gbà á, ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Aláwọ̀ búlúù ni ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, pupa ni ti èyí tó ti pé. Bí wọ́n bá ti kéde ọ̀sẹ̀ ìlera ìyá àti ọmọ, ẹ má torí ọjà jẹ́ kó kọjá. Ẹ fi ìsọ̀ ṣọ́ aládùúgbò yín fún wákàtí kan.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí olè. Epo tí a bá gbé kaná títí pupa rẹ̀ fi lọ, tí a ń pè ní epo búlíìṣì, pupa tó lọ yẹn, fítámì ló bá a lọ. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ ayamáṣe o, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀ pẹ̀lú ìrẹsì Ọ̀fadà. Ká ṣáà má pe epo yẹn ní epo tó ní fítámì A mọ́. Epo tí wọ́n rọ sínú ìgò funfun tí wọ́n tò sí ojú oòrùn láti àárọ̀, oòrùn ti ń jẹ nínú rẹ̀. Ẹ gbé e sí abẹ́ àtíbàbà, ẹ sì dé e.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń da àwọ̀ tí wọ́n fi ń pa aṣọ láró sínú epo kó lè pọ́n. NAFDAC ti kìlọ̀ lórí rẹ̀ léraléra. Pupa yẹn kì í ṣe fítámì, májèlé ni, wọ́n sì ń fura sí i pé ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Ẹni tó bá ń ṣe é láàrin wa, kó rántí pé ọmọ-ọmọ tirẹ̀ náà ń ra oúnjẹ jẹ níta.

Ẹ̀yin onígàrí, ọ̀rọ̀ yín náà wà níbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ kan wà báyìí tó pọ́n láti inú ilẹ̀ wá, kì í ṣe pé wọ́n fi epo sí i. Ọdún 2011 ni wọ́n gbé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ jáde ní Nàìjíríà, iṣẹ́ àwọn IITA n'Ìbàdàn àti ilé ìwádìí tó wà ní Umudike ni. Fítámì A wà nínú gàrí rẹ̀, àmọ́ bó bá ti ń pẹ́ nínú àpò ló ń dínkù. Ẹ má rà á jọ de ọjọ́ ọ̀wọ́n.

Ọ̀dọ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ ni olè pọ̀ sí jù. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ewédú, amúnútutù, gbogbo wọn ló ní fítámì A àti C àti àwọn ìdílé B kan. C àti B yìí, inú omi ni wọ́n ń yọ́ sí. Ẹni tó gé ẹ̀fọ́ wẹ́wẹ́ kó tó fọ̀ ọ́, tó tún wá bọ̀ ọ́, tó fún un gbẹ, tó da omi rẹ̀ sí gọ́tà, gọ́tà ló fún ní fítámì. Ẹ fọ ẹ̀fọ́ kí ẹ tó gé e. Ẹ jẹ́ kí ata àti epo hó kí ẹ tó dà á sí i, kó má pẹ́ lórí iná. Epo tí àwọn ìyá wa fi ń ro ẹ̀fọ́ yẹn kì í ṣe fún adùn nìkan, nítorí láìsí ọ̀rá, ara kì í gba fítámì A inú ewé dáadáa. Ewúro nìkan ni mi ò lè bá yín jiyàn lé lórí, ẹnu ta ló fẹ́ gba ewúro tí a kò fọ̀?

Kán-ún wá ńkọ́? À ń fi sí ewédú kó lè yọ̀, à ń fi sí ẹ̀wà kó lè tètè rọ̀. Fítámì C àti fítámì B1 kò lè fara dà á, ṣe ló ń pa wọ́n. Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, á tètè jiná láìsí kán-ún, gáàsì náà ò sì ní í jẹ owó púpọ̀.

Ẹ gbọ́ ìtàn kan lórí ẹ̀fọ́. Láti ọdún 1928, dókítà obìnrin kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Lucy Wills, lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú Bombay ní Íńdíà. Àwọn aláboyún tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wọn ń gbẹ, ọ̀pọ̀ ń kú. Ó wo oúnjẹ wọn, ó rí i pé ẹ̀fọ́ àti èso kò tó nínú rẹ̀. Ó fún wọn ní ohun kan tí wọ́n ṣe láti ara ìwúkàrà tí àwọn tó ń pọn bíà ń lò, ẹ̀jẹ̀ wọn sì padà. Ọdún 1931 ló kọ ọ́ jáde. Nígbà tó di 1941, àwọn mìíràn rí ohun tó wà níbẹ̀ fà yọ láti inú tọ́ọ̀nù mẹ́rin ewé spinach, wọ́n sì sọ ọ́ ní fólíìkì, láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí ewé. Ẹ ò rí i pé orúkọ ẹlẹ́fọ̀ọ́ ló wà lára oògùn tí wọ́n ń fún aláboyún.

Oògùn yẹn àti ti áyọ́ọ̀nù, àwọn ọmọ wa obìnrin máa ń kó wọn dà sẹ́yìn ilé, wọ́n ní ó ń rí wọn lára, wọ́n ní ìgbẹ́ àwọn dúdú. Ìgbẹ́ á dúdú lóòótọ́, kò léwu. Kí wọ́n lò ó lẹ́yìn oúnjẹ. Èyí tó ń fẹ́ lóyún, kó tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ fólíìkì ṣáájú, torí pé láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ ni ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ń pa dé, kí ìyá mìíràn tó mọ̀ pé òun lóyún rárá. Bó bá jẹ ẹ̀wà, kó fi ọsàn tàbí góbà tẹ̀ lé e, fítámì C á jẹ́ kí ara gba áyọ́ọ̀nù inú ẹ̀wà. Tíì ni kó má mu mọ́ oúnjẹ, òun ń dí i lọ́wọ́. Góbà tí a ń fojú tín-ín-rín yìí, fítámì C rẹ̀ ju ti ọsàn lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin oníyọ̀, áyódìn inú iyọ̀ kì í ṣe fítámì, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Láti 1993 ni ìjọba ti ní kí wọ́n máa fi sí i, nítorí gẹ̀gẹ̀ àti nítorí ọpọlọ ọmọ inú oyún. Oòrùn àti ọ̀rinrin ń lé e jáde, ẹ di ẹnu àpò.

Ó ku àwa tí a jókòó ti ọjà. Ẹlẹ́fọ̀ọ́ á ta ẹ̀fọ́ tán, búrẹ́dì àti mínírà ló fi gbé ọjọ́. Bí ọjà bá ń tú, kí ọlọ́sàn-án àti ẹlẹ́wà àti ẹlẹ́fọ̀ọ́ fi díẹ̀ pààrọ̀ lọ́wọ́ ara wọn. Kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Ní ti fítámì oníhóró, ẹni tí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà bá ní kó lò ó, kó lò ó. Kì í wo ẹ̀jẹ̀ ríru, kì í wo ìtọ̀ ṣúgà, ohun yòówù kí ọmọ inú mọ́tò sọ. Hóró fítámì A tó lágbára, kí aláboyún má fọwọ́ ara rẹ̀ rà á lò, ó lè ṣe ọmọ inú ní ìjàǹbá. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo ọjọ́ tí á bàjẹ́, bí ojú kò bá ríran tó ẹ pe ọmọ iléèwé kan kó kà á. Èyí tí wọ́n bá sì ti ń gbé kiri nínú oòrùn láti àárọ̀, ẹ jẹ́ kó máa gbé e lọ.