Ẹ má tíì yọ àpótí air filter ọkọ̀ yín

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń wa ọkọ̀ n'Ìjẹmọ̀, l'Abẹ́òkúta, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ yọ àpótí air filter tó bá ọkọ̀ yín dé, kí wọ́n lè fi èyí tó rí bíi kóònù síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n: níbo ló ti máa fa afẹ́fẹ́?

Afẹ́fẹ́ tútù ni ẹ́ńjìnnì fẹ́. Ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó bá ọkọ̀ dé sábà máa ń fà á láti iwájú, níbi tí ooru ò pọ̀ sí. Tí filter tuntun bá wà ní ìhòòhò lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ooru ló máa fà. Afẹ́fẹ́ tó gbóná tó 60°C sì fúyẹ́ ju ti 30°C lọ ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Ariwo á pọ̀ sí i, àmọ́ agbára lè dín kù.

Èyí tí wọ́n gbé sísàlẹ̀ nítòsí bọ́ńpà máa ń rí afẹ́fẹ́ tútù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí omíyalé tó ṣọṣẹ́ l'Abẹ́òkúta lóṣù Keje 2018. Tí ẹ́ńjìnnì bá fa omi, irin inú ẹ̀ lè tẹ̀, ó parí nìyẹn.

Tí ọkọ̀ yín ò bá sáré mọ́, ẹ yẹ filter wò, pàápàá lẹ́yìn ọyẹ́. Tó bá ti dọ̀tí, ẹ pààrọ̀ ẹ̀.