Ọnà Ara Aṣọ àti Ìgé Aṣọ: Ipa Éṣíà Lórí Ìránṣọ Oge ní Párísì

Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ipa tí Éṣíà ní lórí aṣọ oge ilẹ̀ Yúróòpù, ohun tí ojú rí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tọ́ka sí: dírágónì tí a fi òwú wúrà kọ sí ẹ̀yìn aṣọ, òdòdó ilẹ̀ Jàpáànù lára ṣẹ́dà, kọ́là àwọn ará Ṣáínà tí ó dúró ṣánṣán yí ọrùn ká. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ọnà tí ó wà lára rẹ̀, aṣọ tún ní ìgé: bí a ti pín in sí abala, ibi tí abala kan ti so mọ́ èkejì, àti ibi tí ó ti ń rọ̀ wálẹ̀ lára ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Ohun tí bébà yìí fẹ́ fi hàn ni pé inú ìgé ni ipa Éṣíà, pàápàá ti Jàpáànù, ti jinlẹ̀ jù lọ ní Párísì. Àti pé, nítorí pé ìgé kò ní àmì tí ojú lè tètè dá mọ̀, òun gan-an ni a tètè gbàgbé orírun rẹ̀.

Ọnà ara aṣọ ni ó kọ́kọ́ dé. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún ni ìborùn Kashmir di ohun tí àwọn ọlọ́lá Yúróòpù ń dù. Irun tí ó rọ̀ jù lọ lábẹ́ irun ewúrẹ́ orí òkè ni a fi ń hun ún, ẹyọ kan sì lè gba àwọn ahunṣọ ju ọdún kan lọ. Joséphine, aya Napoleon, kó o jọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Nígbà tí owó rẹ̀ ga ju agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, àwọn ahunṣọ ní Lyon, Norwich àti Paisley bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àfarawé rẹ̀, ẹ̀rọ ìhunṣọ Jacquard sì mú iṣẹ́ náà yá sí i. Nígbà tí oge ìborùn yìí fi lọ sílẹ̀ láàárín ọdún 1870 sí 1880, ọnà tí ó rí bí ẹ̀kán omi tí orí rẹ̀ tẹ̀, èyí tí àwọn ará Kashmir ń pè ní buta, ti di ohun tí a ń fi orúkọ Paisley, ìlú kan ní Sìkọ́tílándì, pè. Ọnà náà ń bẹ títí di òní. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń wọ̀ ọ́ ni kò mọ̀ pé Kashmir wà nínú ọ̀rọ̀ náà rárá.

Ọ̀rọ̀ Jàpáànù gba ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn àdéhùn ọdún 1854 tí ó ṣí èbúté ilẹ̀ náà fún àwọn ará Amẹ́ríkà, àti lẹ́yìn tí Jàpáànù kó ọjà wá sí àfihàn ńlá Párísì ní 1867, ìfẹ́ ohun ilẹ̀ náà gba Faransé kan débi pé ní 1872 Philippe Burty fún un ní orúkọ: japonisme. Síbẹ̀, ohun tí àwọn aránṣọ kọ́kọ́ ṣe sí kìmónò ni pé wọ́n tú u. Aṣọ kan wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Kyoto tí a rán ní London láàárín ọdún 1870 sí 1880. Ara kìmónò ni a ti gé e, ṣùgbọ́n ìrísí rẹ̀ jẹ́ ti obìnrin Gẹ̀ẹ́sì láti òkè dé ilẹ̀. Aṣọ Jàpáànù ni wọ́n gbà. Ìmọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n fi àlùmọ́gàjí já sí wẹ́wẹ́.

Kí ni ìmọ̀ náà? Aṣọ gbọọrọ kan, tí ìbú rẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 36 sí 38, tí gígùn rẹ̀ sì tó nǹkan bí mítà 12, ni a fi ń rán kìmónò kan. Abala méjì gba orí èjìká kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn. Tẹ́ẹ́rẹ́ méjì wà níwájú tí ó gun ara wọn. Méjì jẹ́ apá. Kọ́là sì kù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ni a gé tààrà. A kì í wọn ọyàn tàbí ìbàdí kí a tó gé e. A lè tú u láti fọ̀ ọ́, kí a sì tún un rán. (Ẹni tí ó bá ti rí bí a ti ń rán aṣọ òfì tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀ kò ní rí èyí bí ohun àjèjì, aránṣọ Párísì ni ó ṣe àjèjì sí.) Aṣọ obìnrin Yúróòpù ìgbà náà yàtọ̀ pátápátá: abala kéékèèké tí a gé ní kọ́lọkọ̀lọ, tí a rán mọ́ ara tí kọ́sẹ́ẹ̀tì ti fún ní ìbàdí. Ìbàdí ni ó gbé aṣọ náà ró. Èjìká ni ó gbé kìmónò ró.

Paul Poiret, tí a bí ní 1879, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi èyí ṣe oge ní Párísì. Gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ nínú ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé Worth, ó gé aṣọ ìlékè kan bíi kìmónò fún Bariatinsky, ìyáàfin ọlọ́lá kan láti Rọ́ṣíà, obìnrin náà sì ní ohun ìríra ni. Poiret kò jáwọ́. Ó dá ilé tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1903, nígbà tí ó sì di 1906 ó ti ń rán aṣọ tí kò béèrè kọ́sẹ́ẹ̀tì. Éṣíà inú Poiret jẹ́ àdàlù, níbi tí Páṣíà, Tọ́kì àti Jàpáànù ti pàdé. Àsè alẹ́ tí ó ṣe ní 1911, tí òun fúnra rẹ̀ fi múra bí ọba ìlà-oòrùn, fi èyí hàn kedere. Ṣùgbọ́n nínú ìgé, òye rẹ̀ yè kooro.

Ọ̀dọ̀ Madeleine Vionnet ni ọ̀rọ̀ náà ti dé góńgó. A bí i ní 1876; ó ṣiṣẹ́ ní ilé Callot Soeurs, níbi tí a ti ń lo àpẹẹrẹ apá kìmónò, kí ó tó dá ilé tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1912. Orí ọmọláńgidi onígi kékeré ni ó ti ń ṣe àwọn aṣọ rẹ̀: ó ń mú abala onígun mẹ́rin tàbí èyí tí ó rí róbótó, ó ń gbé e kọ́ èjìká, ó sì ń wo bí yóò ti rọ̀. A gbọ́dọ̀ ṣọ́ra níhìn-ín. Gígé aṣọ láti igun dé igun, dípò kí á tọ òwú rẹ̀ lọ tààrà, èyí tí ó mú kí aṣọ rẹ̀ máa nà lára, kì í ṣe ti Jàpáànù. Kìmónò kì í tẹ̀ lé ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ti inú kìmónò wá ni ìgboyà láti fi abala sílẹ̀ ní odindi, àti láti jẹ́ kí èjìká gbé ẹrù náà. Ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn aṣọ rẹ̀, kò sí dírágónì kankan. Fún ìdí èyí ni ó ṣe rọrùn láti ka gbogbo rẹ̀ kún ọgbọ́n Faransé.

Nígbà tó yá, àwọn onínǹkan dé. Kenzo Takada wọ Párísì ní 1965. Issey Miyake fi iṣẹ́ hàn níbẹ̀ ní 1973. Ní 1977 Hanae Mori di ará Éṣíà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn ilé ìránṣọ oge gíga gbà wọlé. Ní ọdún 1977 kan náà, Yves Saint Laurent gbé àwọn aṣọ tí ó fi Ṣáínà inú ọkàn rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ jáde, ó sì sọ lọ́fínńdà rẹ̀ ní Opium, orúkọ tí ó bí àwọn ọmọ Ṣáínà ní Amẹ́ríkà nínú. Ní 1981, Rei Kawakubo àti Yohji Yamamoto kó aṣọ dúdú gbàgẹ̀rẹ̀ wá, tí àyè wà láàárín rẹ̀ àti ara. Àwọn oníròyìn kan dárúkọ Hiroshima sí i. Bẹ́ẹ̀ ni èrò náà pé aṣọ kò níláti fún mọ́ ara kò jẹ́ tuntun ní Párísì; ó ti lé ní àádọ́rin ọdún níbẹ̀. Lọ́wọ́ Poiret, oge ni. Lọ́wọ́ ọmọ Jàpáànù, ó di àjálù.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì tán. Ní oṣù keje ọdún 2022, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Ṣáínà kóra jọ síwájú ilé ìtajà Dior ní Champs-Élysées, wọ́n ní síkẹ́ẹ̀tì dúdú oníṣẹ́po kan tí ilé náà pè ní ìrísí tirẹ̀ jẹ́ mamianqun, aṣọ àtayébáyé tiwọn. Kò sí òdòdó lára síkẹ́ẹ̀tì náà, kò sí òwú wúrà. Ìṣẹ́po sì wà níbi gbogbo láyé, nítorí náà ìṣẹ́po nìkan kò lè jẹ́ ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n mamianqun ní ètò: abala méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí a so mọ́ ìgbànú kan ṣoṣo, tí wọ́n gun ara wọn níwájú àti lẹ́yìn níbi tí aṣọ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ìṣẹ́po sì wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Àwòrán lásán kò lè yanjú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí yóò dá a níláti tẹ́ aṣọ méjèèjì sórí tábìlì, kí ó ṣí ìgbànú wọn, kí ó sì ka abala.