Agar: Koríko Inú Òkun Tó Wúlò fún Oúnjẹ àti Ìwòsàn

Ohun kan wà nínú ilé àyẹ̀wò tó máa ń ran dókítà lọ́wọ́ láti mọ irú kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn àti oògùn tó lè pa á. Agar ni orúkọ rẹ̀. Ara àwọn koríko pupa tó ń hù nínú òkun ni wọ́n ti ń rí i, àwọn ará Japan sì ti ń fi í se oúnjẹ tipẹ́tipẹ́ kí ó tó di ohun èlò àwọn oníṣègùn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Wọn a fọ koríko náà, wọn a sè é pẹ́ títí, wọn a sì sẹ́ omi rẹ̀. Bí omi náà bá tutù, yóò dì, gẹ́gẹ́ bí ògì gbígbóná ṣe ń dì di ẹ̀kọ nínú ewé. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò mú kí omi inú rẹ̀ di yìnyín, tí yìnyín náà yóò sì yọ́ dànù, kí wọ́n tó sá ìyókù gbẹ.

Agar yàtọ̀ sí gelatin, èyí tí wọ́n ń rí láti ara awọ àti egungun ẹran. Gelatin a máa yọ́ bí ooru bá tó ti ara ènìyàn. Agar kì í yọ́ àfi bí ooru bá tó nǹkan bí ìwọ̀n 85 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Nínú oúnjẹ

Ní Japan, wọ́n ń fi agar, ẹ̀wà àti ṣúgà ṣe ìpápánu kan tí wọ́n ń pè ní yokan. Àwọn ilé iṣẹ́ ń lò ó nínú oríṣiríṣi nǹkan dídùn. E406 ni àmì rẹ̀ lára páálí oúnjẹ. Ó wúlò fún àwọn tí kì í jẹ ohun tó ti ara ẹran wá.

Agar tún ń ran ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ le lọ́wọ́, nítorí pé ó máa ń fa omi mọ́ra nínú ìfun. Ṣùgbọ́n omi púpọ̀ ni kí ẹ fi mu ún, kí ó má baà há sí ọ̀nà ọ̀fun tàbí ìfun. Ẹni tí kì í lè gbé nǹkan mì dáadáa kò gbọdọ̀ lò ó láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà.

Láti ilé ìdáná dé ilé àyẹ̀wò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní ọdún 1881, Walther Hesse, dókítà ará Jámánì tó ń bá Robert Koch ṣiṣẹ́, ń fi gelatin tọ́jú àwọn kòkòrò àìfojúrí. Gelatin náà ń yọ́ nígbà ooru, àwọn kòkòrò mìíràn sì ń jẹ ẹ́. Fanny, ìyàwó rẹ̀, ló dámọ̀ràn agar tí òun fi ń se oúnjẹ nílé, èyí tó ti mọ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò kan tó ti gbé ní erékùṣù Java rí. Koch mẹ́nu ba agar nínú ìwé tó kọ lórí ikọ́ ẹ̀gbẹ ní ọdún 1882, ṣùgbọ́n kò dárúkọ tọkọtaya náà.

Ohun tó kàn wá

Ní Nàìjíríà, àyẹ̀wò Widal ni wọ́n sábà máa ń fi sọ fún aláìsàn pé ó ní ibà taífọ́ìdì. Àyẹ̀wò yìí kì í wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀; ohun tí ara ń pèsè láti bá a jà ni ó ń wá. Nítorí náà, àìsàn mìíràn bí ibà ẹ̀fọn, tàbí taífọ́ìdì tó ti lọ tipẹ́, lè mú kí èsì rẹ̀ ṣini lọ́nà.

Èyí tó dájú jù ni kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí kòkòrò inú rẹ̀ dàgbà, kí wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí agar. Wọn yóò wá fi àwọn oògùn agbógun-ti-kòkòrò díẹ̀díẹ̀ lé e lórí. Èyí tó bá lè pa kòkòrò náà, àyíká rẹ̀ yóò mọ́ kedere.

Àyẹ̀wò yìí a máa gba ọjọ́ mélòó kan, owó rẹ̀ sì ju ti Widal lọ. Síbẹ̀, lílo oògùn tí kò bá kòkòrò mu ń ná ni lówó lásán, ó sì ń mú kí oògùn má ran àwọn kòkòrò mọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín bóyá wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ fún un kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn. Ṣùgbọ́n bí àìsàn náà bá ti wọra, ẹ má ṣe dúró de èsì kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀.