Ilé-Ìwé Tó Dára: Ṣé Ọmọ Gbọ́ Ohun Tí Tíṣà Ń Wí?

Ọ̀rọ̀ wíwo oṣù tàbí ọ̀rọ̀ sàká kọ́ ni mo mú wá lónìí. Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, nítorí ó ṣọ̀wọ́n kí a kírun Jímọ́ọ̀ tán kí ẹnìkan má fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan pé, "Àlùfáà, ilé-ìwé wo ni kí n mú ọmọ mi lọ?"

Bí mo bá bi olúwarẹ̀ léèrè èyí tí ọkàn rẹ̀ fà sí, yóò ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, yóò ní wọ́n ní bọ́ọ̀sì tí ń gbé ọmọ, àwọn ọmọ ibẹ̀ sì ń so táì mọ́rùn. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó parí ọ̀rọ̀, yóò wá fi èyí tí ó kà sí pàtàkì jù kún un: "Wọn kì í sọ Yorùbá níbẹ̀ rárá o. Ọmọ tí ó bá sọ ọ́, yóò san owó ìtanràn." Yóò sì máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ó rí ọjà tó dára rà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a yẹ ọjà yìí wò dáadáa kí a tó sanwó. Ọmọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà kúrò nílé. Èdè tí ó fi mọ ìyá rẹ̀, tí ó fi mọ̀ pé iná ń jóni, tí ó fi mọ̀ pé ọ̀la kì í ṣe òní, Yorùbá ni. Ó dé ilé-ìwé, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ohun tí ó ti mọ̀. Tíṣà ń ṣe àlàyé ìṣirò, ọmọ ń wo ẹnu rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ó tún un sọ, yóò tún un sọ pẹ̀lú ohùn gooro. Ìyá rẹ̀ tí ń kọjá lẹ́yìn fèrèsé yóò rò pé ọmọ òun ti di ọ̀mọ̀wé. Ohùn ni ìyá gbọ́. Bóyá òye wà níbẹ̀, kò tíì mọ̀.

Wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò ní ilẹ̀ wa níhìn-ín. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí a fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè láti ọdún 1987, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babatunde Fafunwa ni ó ṣáájú rẹ̀, Mùsùlùmí ọmọ Èkó, ẹni àkọ́kọ́ tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà. (Ẹ ṣàkíyèsí pé ilé-ìwé tí ń jẹ́ orúkọ ẹni mímọ́ àwọn Kristẹni ni Mùsùlùmí yìí ti ṣiṣẹ́. Kò jẹ́ kí àkọlé ara ògiri dí òun lọ́wọ́.) Àjọ Ford Foundation ti Amẹ́ríkà fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́.

Wọ́n pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì. Apá kan fi Yorùbá kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko. Wọ́n ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ kan láàrin iṣẹ́ ni, tíṣà tí ó mọ̀ ọ́n dunjú ni ó sì ń kọ́ wọn. Apá kejì tẹ̀ lé bí ó ti wà tẹ́lẹ̀: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún kẹrin. Nígbà tí wọ́n yẹ iṣẹ́ wọn wò, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ni wọ́n ṣe dáadáa jù nínú ìṣirò àti àwọn ẹ̀kọ́ yòókù. Èyí kò lè ya oníṣòwò lẹ́nu. Èyí tí ó ya àwọn oníyèméjì lẹ́nu ni pé nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, wọn kò kẹ́yìn. Wọ́n tilẹ̀ ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí àwọn tí ń pariwo "Yorùbá, Yorùbá" kì í fẹ́ sọ. Kì í ṣe pé wọ́n kàn ní kí tíṣà máa sọ Yorùbá, kí wọ́n sì kọrí sílé. Wọ́n kọ ìwé tuntun fún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n dá tíṣà lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ń padà wá wo iṣẹ́. Ilé-ìwé tí kò ní ìwé, tí tíṣà rẹ̀ ń wá lónìí tí kò wá lọ́la, èdè yòówù kí wọ́n máa sọ níbẹ̀, ọmọ kò ní mọ nǹkan.

Èmi wọ ilé-ìwé ní September 1976, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ káàkiri Nàìjíríà. Ọmọ pọ̀ ju àga lọ. Ilẹ̀ ni àwa mìíràn ń jókòó sí. Ṣùgbọ́n tíṣà wa, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, a máa kó èkùrọ́ wá sí kíláàsì. Yóò ní kí a ka ogún, kí a mú mẹ́rin kúrò, kí a wá pe èyí tí ó kù ní orúkọ tí àwọn ìyá wa ń pè é lọ́jà: mẹ́rìndínlógún. Ìyọkúrò ti wà nínú orúkọ rẹ̀. Kò sí ọmọ tí kò yé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá sí tàfúsírì nínú oṣù Rámádánì, bí àlùfáà bá ń ka Lárúbáwá láti ọ̀sán di alẹ́ tí kò túmọ̀ rẹ̀, ẹ ó gba ìbùkún lọ sílé, ṣùgbọ́n kí ni ẹ ó sọ fún ẹni tí kò lè wá? Ẹ̀yin mẹkáníìkì àti télọ̀, èdè wo ni ẹ fi ń kọ́ ọmọ-iṣẹ́ yín tí ó fi ń di ọ̀gá? N kò sì ní gbè sẹ́yìn ilé-kéwú tiwa. Ọmọ a ka Àlùkùránì tán, wọ́n a ṣe wòlímọ̀, a jẹun yó; ẹ bi í ní ìtumọ̀ Fátíhà tí ó ń kà ní ìrun márààrún, yóò máa wo òkè. Pàṣán ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀, àlàyé kò ṣe.

Ìjọba náà kò dúró sójú kan. Ní November 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní November 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò bíi WAEC àti JAMB ní agbègbè tí wọ́n ti ń fi èdè abínibí kọ́ni. Mo bọ̀wọ̀ fún ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ṣe WAEC ní 2025 ti jáde ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ìlànà 2022 tó dé. Báwo ni ẹ̀bi rẹ̀ ṣe fẹ́ kan ìlànà náà?

N kò bá Gẹ̀ẹ́sì jà. Mo fẹ́ kí ọmọ yín gbọ́ ọ, kí ó sì kọ ọ́ ju bí èmi ti lè kọ ọ́ lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé, bí ẹ bá lọ wo ilé-ìwé, ẹ má dúró sí ẹnu géètì. Ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kíláàsì kejì. Ṣé ọmọ ń béèrè ọ̀rọ̀, àbí tíṣà nìkan ni ó ń sọ? Ṣé ìwé wà lọ́wọ́ wọn? Ọmọ mélòó ni ó wà lọ́wọ́ tíṣà kan? Tí ó bá di alẹ́, tí ẹ bá ń palẹ̀ ìsọ̀ mọ́, ẹ ní kí ọmọ fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí ó kọ́ lọ́sàn-án fún yín. Èyí tí ó bá yé e, yóò lè sọ ọ́.

Kí ẹ sì máa lọ sí ìpàdé òbí àti olùkọ́ fúnra yín, kí ẹ yé rán àbúrò lọ nítorí ọjà. Ẹ ti ìsọ̀ fún wákàtí kan. Bí wọ́n bá ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ nítorí Yorùbá, ẹ dìde níwájú àwọn òbí yòókù, kí ẹ bi ọ̀gá ilé-ìwé léèrè ẹni tí ó ní kí ó máa gbà á, àti ohun tí ó ń fi owó náà ṣe.